Yíyan òkúta quartz tó jọ mábù fún ilé ìdáná tí wọ́n ti ń dáná lóòótọ́

Nígbà tí èmi àti àwọn àbúrò mi pinnu láti tún ilé ìdáná màmá wa ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun kan ṣoṣo ni màmá tẹnu mọ́: wọ́n fẹ́ orí kántà funfun tó ní ilà bíi ti òkúta mábù, irú èyí tí wọ́n rí ní ilé ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ìlọrin. Ohun tí wọ́n fẹ́ yìí kò burú rárá, ṣùgbọ́n ilé ìdáná wọn kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn ti ń po tíì mu. Epo pupa ń ta níbẹ̀ lójoojúmọ́, ata lílọ̀ ń dà sílẹ̀, ní àsìkò kájú àti máńgòrò sì rèé, àwọn ọmọ-ọmọ wọn á gbé abọ́ wọn kalẹ̀ sí ibi tó bá wù wọ́n. Ìbéèrè tó wà níwájú wa kí a tó náwó ni irú òkúta funfun tí yóò gba gbogbo iṣẹ́ yìí, tí kò ní sọ màmá di ẹni tó ń nu kántà láti àárọ̀ di alẹ́. Òkúta quartz tí wọ́n ṣe ní àwòrán mábù ni a yàn, mo sì gbà pé òun ló tọ́ fún irú ilé bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó fẹ́ rà á bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí odidi pátákó òkúta náà, tó sì mọ ohun tí kò lè gbà.

Mábù gan-an kò jìnnà sí wa. Ó wà nínú ilẹ̀ ní Ìgbẹ́tì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà, lójú ọ̀nà tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Kìṣí. Òkúta tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n èròjà kábónéètì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohun kíkan sì máa ń jẹ kábónéètì. Bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan tàbí omi tòmátò bá pẹ́ lórí mábù, ibi tó wà á ṣú, kò ní dán mọ́. Èyí kì í ṣe àbàwọ́n tí ọṣẹ lè fọ̀ kúrò, nítorí ojú òkúta fúnra rẹ̀ ni ohun kíkan náà ti jẹ, àfi kí wọ́n tún gbé ẹ̀rọ wá láti dán an. Bẹ́ẹ̀ ni kò le tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí àwọn onímọ̀ òkúta fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, mábù wà ní nǹkan bí 3, quartz sì wà ní 7. Ọ̀bẹ ìdáná wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó lè ha mábù, ṣùgbọ́n kò lè ha quartz.

Gíránáìtì náà wà, ó sì níyì lójú mi. Ó le, ó ń gba ooru, àwọn tó ń gé e sì pọ̀ ní agbègbè wa. Bí ó bá jẹ́ pé kántà dúdú ni màmá fẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Àmọ́ àwọ̀ tó ní tótòtó ni gíránáìtì máa ń ní, kì í ní ilà tó ń ṣàn gbọọrọ lórí funfun, àti pé láti ìgbà dé ìgbà ni ó yẹ kí wọ́n máa fi oògùn pa ojú rẹ̀ kí epo má bàa wọ inú rẹ̀.

Pátákó òkúta quartz kì í ṣe èyí tí wọ́n gé láti inú àpáta bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é. Wọ́n á lọ òkúta quartz, wọ́n á pò ó mọ́ résìn, ìyẹn ohun olómi tó ń lẹ nǹkan pọ̀ bíi gọ́ọ̀mù tó sì ń le bí ó bá gbẹ, àti àwọ̀, wọ́n á wá kó o sínú ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ọ́n, tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, tó sì ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ooru mú un le. Ilé iṣẹ́ Breton, tí Marcello Toncelli dá sílẹ̀ ní Ítálì ní ọdún 1963, ló ṣe ẹ̀rọ àti ọ̀nà yìí, tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Sípéènì, Ísírẹ́lì àti Amẹ́ríkà fi tẹ̀ lé e. Lónìí, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ayé ń ti Ṣáínà àti Íńdíà wá. Bí a bá wọn pátákó kan, òkúta tí wọ́n lọ náà máa ń tó 90 nínú 100 tàbí kó lé díẹ̀, résìn àti àwọ̀ ló kù. Ẹni tó bá fi ìpín méjèèjì yìí sọ́kàn yóò lóye gbogbo ohun tó kù nípa rẹ̀: láti ara quartz ni líle rẹ̀ ti wá, láti ara résìn ni àìmu omi rẹ̀ ti wá, láti ara résìn yìí kan náà sì ni àìlera rẹ̀ ti wá.

A kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ra á. Ọ̀gá tó ń ta òkúta ní Ìbàdàn fún wa ní ègé àpẹẹrẹ, ó ní, “Ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ fi ṣe ohunkóhun tó bá wù yín.” A tẹ́ ègé náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé mábù gidi kan, a sì da oríṣiríṣi ohun tí màmá ń lò sórí àwọn méjèèjì: epo pupa, atalẹ̀ pupa tí a fi omi pò, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a là sí méjì tí a dojú rẹ̀ dé, àti omi kájú tí a fún láti ara èso rẹ̀. Gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ̀ pé bí omi kájú bá ta sí aṣọ funfun, aṣọ náà ti lọ nìyẹn. Ilẹ̀ mọ́ kí a tó nù wọ́n kúrò. Lórí mábù, ibi tí ọsàn wẹ́wẹ́ dojú dé ti di òbìrí kan tí kò dán mọ́, tí ìka ọwọ́ pàápàá fi ń mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Epo pupa sì ti wọ inú rẹ̀, ó fi ojú pípọ́n rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀. Lórí quartz, omi ọṣẹ àti kàìnkàìn rírọ̀ kó epo náà kúrò pátápátá, ọsàn wẹ́wẹ́ kò fi ohunkóhun sílẹ̀, omi kájú tó ti gbẹ di dúdú sì ṣí kúrò nígbà tí a fi omi gbígbóná díẹ̀ rin ín. Atalẹ̀ pupa nìkan ló ṣe agídí. Ó fi àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sílẹ̀, àfi ìgbà tí a fi béékìn sódà tí a pò mọ́ omi tẹ́ ẹ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kò sí ohun tó lè kọ ara rẹ̀ sí quartz funfun, ẹ má gbà á gbọ́ tán. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá tètè nu nǹkan kúrò, kò ní sí ìṣòro, bí ẹ bá sì gbàgbé di ọjọ́ kejì, iṣẹ́ díẹ̀ ni yóò gbà.

Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì jù, nítorí pé bí a ṣe ń dáná nílẹ̀ wa kò jọ ti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe òkúta yìí fún. Résìn inú rẹ̀ kò fẹ́ ohun tó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 150°C, bẹ́ẹ̀ epo tí a fi ń dín dùǹdú tàbí àkàrà sábà máa ń wà ní 170 sí 180, ìdí ìkòkò irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná kúrò sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ka orí quartz, ojú rẹ̀ lè pọ́n, ó lè ṣú, tàbí kí ó là nítorí pé ibì kan gbóná nígbà tí ibi tó kù tutù. Kò sí oògùn tó ń wo èyí sàn. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú ni màmá wa ti máa ń gbé ìkòkò àmàlà kúrò lórí iná wá sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún kí wọ́n tó mú igbá ìrokà. N kò rò pé ó yẹ kí òkúta máa pàṣẹ fún ìyá àgbà nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a fi gíránáìtì dúdú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sítóòfù gáàsì, ní ìwọ̀n tí ìkòkò ńlá méjì lè jókòó lé, a sì jẹ́ kí quartz bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gíránáìtì parí sí. Ojú kò kọ̀ ọ́, nítorí ilà eérú tó wà lára quartz náà bá dúdú rẹ̀ mu. Ẹni tí kò bá fẹ́ irú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa lo òṣùká tàbí pákó tó nípọn, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ohun tí gbogbo ará ilé mọ ibi tó wà, àti ọmọ ọ̀dọ̀ àti àlejò.

Odó ní tirẹ̀, ilẹ̀ ni ibùjókòó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé odó, kékeré tàbí ńlá, ka orí kántà láti gún ohunkóhun, ẹran tútù sì gbọdọ̀ wà lórí pákó kí wọ́n tó gé e, nítorí pé òkúta náà yóò ba ẹnu ọ̀bẹ jẹ́.

Yíyan ilà ló wá gba àkókò wa jù. Orúkọ mẹ́ta ni àwọn oníṣòwò máa ń dà lé ènìyàn lórí, orúkọ mábù ilẹ̀ Ítálì sì ni gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Carrara ní ilà wẹ́wẹ́ tó pọ̀, tó rọ̀ lójú, lórí funfun tó fẹ́ jọ eérú. Calacatta ní ilà ńlá tí kò pọ̀, tó lè jẹ́ eérú tàbí kí ó ní àwọ̀ wúrà, lórí ilẹ̀ tó funfun gan-an. Statuario náà funfun, ilà rẹ̀ sì ń hàn ketekete, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gbòòrò tó ti Calacatta. Calacatta yìí ni ojú màmá lọ sí, ó sì yé mi, nítorí pé níbi tí wọ́n gbé e dúró sí ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú gígùn tó tó mítà mẹ́ta àti gíga tó ju ènìyàn kúkúrú lọ, ọlá ń bẹ lára rẹ̀.

Àmọ́ kántà tiwa kò ní ibi gbọọrọ kankan. Apá kan rẹ̀ ní síǹkì lábẹ́ fèrèsé, apá kejì ní sítóòfù, èyí tó ṣẹ́kù sì jẹ́ ègékége. Mo gé bébà ìdìpọ̀ ní ìwọ̀n apá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú ihò síǹkì àti ti sítóòfù, mo sì bẹ ọ̀gá náà pé kí ó jẹ́ kí a fi wọ́n lé ara pátákó Calacatta náà. Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n wo ilà ńlá tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n rí i pé inú ihò síǹkì ni ìdajì rẹ̀ máa lọ, àti pé ìyókù yóò dúró lójijì ní ojú oríkèé níbi tí pátákó méjì ti pàdé. Wọ́n ní, “Ṣé ohun tí mo fẹ́ san owó lé lórí ni ẹ fẹ́ gé sọ nù yìí?” Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti yíjú sí èyí tó ní ilà wẹ́wẹ́. Bébà yìí kò náni lówó, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra òkúta onílà ṣe é. Bí ilé ìdáná yín bá ní tábìlì àárín tó gbòòrò, tí kò ní ihò kankan lára, Calacatta yẹ ẹ́ gidigidi. Bí kò bá ní, ilà wẹ́wẹ́ ni kí ẹ mú, nítorí ó rọrùn láti fi ojú oríkèé pamọ́ sínú rẹ̀.

Ègé àpẹẹrẹ kékeré kò lè fi ilà han ènìyàn. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín lè funfun báláú nígbà tí odidi pátákó ní ilà bíi mélòó kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ rìn sẹ́yìn dáadáa kí ẹ tó wò ó, nítorí láti òkèèrè ni ojú yóò ti rí bóyá ilà náà ń ṣàn tàbí ó kàn dà bí ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e. Nínú èyí tó dára, ilà náà á wọ inú òkúta láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó sì rí i ní etí. Nínú èyí tí kò jinlẹ̀, òkè nìkan ni ilà wà, etí á funfun lásán, bí ibì kan bá sì hó lọ́jọ́ iwájú, àpá náà á hàn kedere. Ẹ tún béèrè fún pátákó kejì kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ilà àwọn méjèèjì bá bára mu porogodo, ìyẹn ń fi hàn pé ilé iṣẹ́ náà ń tún àwòrán kan ṣoṣo ṣe, èyí tí kò burú fún sísopọ̀ wọn, àmọ́ tí kò ní jẹ́ kí ó jọ òkúta inú ilẹ̀.

Kí ẹ sì gbé ègé àpẹẹrẹ dé inú ilé tí ẹ fẹ́ lò ó sí. Funfun kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ nínú máa ń tutù lójú, ó sì ń bá táìlì eérú àti kábínẹ́ẹ̀tì funfun rẹ́. Èyí tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú ló bá ògiri aláwọ̀ ìpara àti igi pupa mu, irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa. A gbé tiwa sí abẹ́ fèrèsé ní àárọ̀, a tún wò ó nígbà tí oòrùn kan àtàrí, a sì tún wò ó lábẹ́ gílóòbù ní alẹ́, nítorí ọ̀kan nínú èyí tí a fẹ́ràn jù ní ṣọ́ọ̀bù di aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí iná ilé bọ́ sí i lára. Ẹni tó bá ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ tún gbọ́dọ̀ ro ti ọyẹ́, nígbà tí eruku pupa ń bà lé gbogbo nǹkan. Lórí funfun tó mọ́ láìní ilà, gbogbo eruku ni ojú ń rí. Lórí èyí tó ní ilà eérú wẹ́wẹ́, ó ń fara pamọ́ díẹ̀ títí ẹ ó fi mú aṣọ ìnulẹ̀. Èyí tún jẹ́ ìdí kan tí inú mi fi dùn sí ohun tí màmá yàn.

Bí ó bá kan rírà, ẹ ṣọ́ra, nítorí ohun gbogbo tó bá ti funfun tó sì ń dán ni àwọn kan ń pè ní quartz. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn pátákó náà hàn yín, kí ẹ sì mú ọ̀bẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Bí ọ̀bẹ bá ha á tó sì fi ihò sílẹ̀, tàbí tí ọsàn bá mú un ṣú, kì í ṣe quartz. Èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì ni kó kéré jù fún kántà. Sẹ̀ǹtímítà méjì yìí máa ń wúwo tó nǹkan bí kílò 50 ní mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà kábínẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára, kí orí rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ kí òkúta tó dé orí rẹ̀. Ní ti gbígbé e láti Ìbàdàn tàbí Èkó wá, ìdúró ni kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, kí wọ́n fi okùn dè é mọ́ férémù igi tó fara tì, kí wọ́n má tẹ́ ẹ sílẹ̀ rárá, nítorí kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà lè dá a sí méjì ní ìtẹ́lẹ̀.

Fún ilé ìwẹ̀, ìmọ̀ràn mi kúrú: ẹ má ra pátákó tuntun. Èékù tó ṣẹ́kù nínú ti ilé ìdáná sábà máa ń tó orí kábínẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́. Ooru kò sí níbẹ̀, àmọ́ làálì, osùn àti dáì irun wà, kí ẹ sì tètè nù wọ́n. Ásítóònù tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná àti oògùn ìfọ̀ ṣáláńgá tó lágbára lè ba résìn jẹ́, nítorí náà ẹ má gbé ìgò wọn lé e lórí. Bí ẹ bá sì ń rò ó fún ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé tí oòrùn ń kàn, ẹ lọ ra gíránáìtì, nítorí ìtànṣán oòrùn á mú quartz pọ́n.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gé e ló gbà mí lọ́kàn jù. Eruku quartz kò dà bí eruku ilẹ̀. Sílíkà, èròjà tó wà nínú òkúta quartz gan-an, ló kún inú rẹ̀, ó sì kéré débi pé ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, tí yóò sì dá egbò sínú rẹ̀ títí mímí á fi di ìnira. Sílíkósíìsì ni wọ́n ń pe àìsàn náà, kò sì sí ìwòsàn fún un. Sílíkà tó wà nínú mábù kò pọ̀, ti gíránáìtì pọ̀ díẹ̀, ti quartz yìí ló ju gbogbo wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí orílẹ̀-èdè Ọsirélíà fi fòfin de ṣíṣe é, títà á àti gígé e láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2024, lẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ púpọ̀ ti kó àìsàn náà. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ fáìlìn ni wọ́n fi ń gé e, ní gbígbẹ, eruku funfun á sì bo orí, irùngbọ̀n àti ìpéǹpéjú oníṣẹ́ tí kò lo ohunkóhun bo imú.

Èmi kò gbà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nílé màmá mi. A ti sọ ọ́ kí a tó dá owó pé inú omi ni wọ́n máa gé e, ní ìta gbangba, kì í ṣe nínú ilé. Ọmọ iṣẹ́ kan ń fi kẹ́ẹ̀gì da omi sí ojú ibi tí abẹ ẹ̀rọ ń gbà, omi funfun bí ògì sì ń ṣàn lọ sílẹ̀ dípò kí eruku máa gòkè. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún omi, kí iná má bàa gbé wọn. A ra ìbomú tó nípọn fún òun àti ẹni tó ń gé e, irú èyí tó ní N95 lára, nítorí aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ imú kò lè dá eruku yìí dúró. Nígbà tí wọ́n dé ibi ihò síǹkì, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ lu ihò róbótó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó gé láti ọ̀kan dé èkejì, torí igun tó mú ṣáṣá ni òkúta ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí là. Omi ẹlẹ́rùpẹ̀ tó kù nílẹ̀ ni kí ẹ gbá jọ nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ dì í sínú àpò kí ẹ tó sọ ọ́ nù, nítorí bí ó bá gbẹ síbẹ̀, eruku yẹn kan náà ni yóò padà dà, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré nínú àgbàlá ni yóò sì fà á símú.